Má Bù Nínú Ìgò Ọmọ Ẹlòmíì

Ajue, lọ́nà Ore,
Ọjọ́rú.

Bọ́sẹ̀ mi, ọmọ tó kọ́kọ́ pè mí ní ìyá,

Bí Tíṣà bá ti fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́, jọ̀wọ́ fún un lómi mu, kí o sì wá ibì kan jókòó kí o tó ṣí i. Òun ni tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú nílé wa, èyí tí wọ́n gbé wá láti apá Ìsẹ́yìn. Ó ń lọ sílé lọ́la, ọsibítù yín sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Mo mọ̀ pé wàá máa sọ nínú ara rẹ pé, "Kí ló dé tí Mámà kò pè mí?" Orí fóònù ni mo ti sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Inú ìwé ni mo ti fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà padà, kí n má baà rí i sẹ́ lọ́jọ́ mìíràn.

Ohun tí mo sọ fún ọ ní Sọ́ńdè, má ṣe é.

Mo ní kí o bù díẹ̀ nínú ìgò ọmọ tí o fura sí pé oògùn gidi ló ń gbà, kí o fi fún ọmọ Dáre. Èmi ni mo sọ ọ́, kì í ṣe Dáre. Àbúrò rẹ kàn jókòó tì mí ni, tó ń sunkún, tó ń sọ pé kí n bá òun bá ọ sọ̀rọ̀. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bọ́sẹ̀, ìwọ lo wà lọ́jà báyìí." O ní, "Mámà, mo ti gbọ́." Fóònù sì gé.

"Mo ti gbọ́" yẹn ni kò jẹ́ kí oúnjẹ wọlé sí mi lára láti ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tí gbólóhùn yẹn lè jẹ́ lẹ́nu àwa ará ibí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n sinmi. Mi ò mọ èwo ni tìrẹ, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ Dáre ní ti inú ìgò tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ Tíṣà.

Má rò pé mi ò lóye iṣẹ́ rẹ. Nígbà tí o rí iṣẹ́ náà ní oṣù méjì sẹ́yìn, o jókòó lórí pákó ẹ̀yìnkùlé níbí, o là á yé mi. O ní ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kékeré kan wà lẹ́bàá ọkàn ọmọ inú, tó yẹ kó pa dé bí wọ́n bá ti bí i tán. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé a máa wà ní ṣíṣí, ẹ̀jẹ̀ a máa gba ibi tí kò yẹ, ọmọ a sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. O ní oògùn wà tó lè mú kó dé, àmọ́ oògùn náà lè da kíndìnrín ọmọ láàmú, tàbí ìfun rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ti àwọn ọmọ mìíràn a máa dé fúnra rẹ̀ bí a bá ní sùúrù. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ èyí tó sàn jù fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí a fún wọn ni, àbí kí a máa ṣọ́ wọn. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Ẹ ń fún àwọn kan ní oògùn, ẹ ń fún àwọn kan ní omi tó jọ ọ́. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò. Ìwé tó sọ èwo ni èwo wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́dọ̀ apòògùn, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ kò mọ̀, ìyá ọmọ kò sì mọ̀.

Mo fọ́nnu nípa iṣẹ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi sú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi. Àfi bí Fúnmi, ìyàwó Dáre, ṣe bímọ ní oṣù keje. Wọ́ọ̀dù tìrẹ gan-an ni wọ́n gbé wọn wá, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò dé, òun àti Dáre sì fọwọ́ sí i pé kí ọmọ wọn wà lára àwọn tí ẹ ń yẹ oògùn wò lára wọn. Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́. Mi ò tíì gbé e rí. Inú fóònù ni mo ti rí i, nínú àpótí onígíláàsì yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tó ìka mi. Bí nǹkan bá kan èèyàn báyìí, orí a máa fò lọ. Orí mi fò lọ ní Sọ́ńdè.

Kí n tó fún ọ nímọ̀ràn, màá jẹ́wọ́ ohun kan. Bàbá yín kò mọ̀ ọ́n títí ó fi kú.

Mo ti lo ọdún mẹ́ta lọ́ọ̀dẹ̀ bàbá yín nígbà tí ọkùnrin kan wá sí Ajue, tó ń yẹ oògùn kòkó wò. Òjò pọ̀ nígbà náà, kòkó ń dúdú lórí igi, ó ń jẹrà kó tó pọ́n. Oko tiwa ló mú ní àdúgbò wa. Ó fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi apá kan, ó fi funfun sàmì sára ti apá kejì, la bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ọlọ́dà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì fún wa, ọ̀kan ní àmì pupa, èkejì ní funfun. Ó ní oògùn wà nínú ọ̀kan, omi aláwọ̀ lásán ló wà nínú èkejì. Ó ní òun alára kò mọ èyí tó jẹ́ èwo, kí ojú òun má baà tan òun jẹ bí òun bá ń ka èso. Ó ka ìwé sí wa létí, ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tó parí, gbogbo wa ní, "A ti gbọ́, sà." Ó dúpẹ́, a fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gun alùpùpù rẹ̀ lọ.

Bọ́sẹ̀, a kò gbọ́ nǹkan kan. Àlejò ni, ó ti bá ẹrẹ̀ jà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kò fẹ́ dójú tì í. "A ti gbọ́" yẹn, a fi kí i kú iṣẹ́ ni.

Bàbá yín ló ń gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn láti fín oògùn. Èmi ni mo ń pọn omi lódò, tí mo sì ń po oògùn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí kẹ́ẹ̀gì, ti pupa ta sí mi nímú, mo sín, omi jáde lójú mi. Ti funfun kò rùn rárá. Àṣírí tú sí mi lọ́wọ́. Mo wo apá ibi tí ọ̀dà funfun wà: igi ìyá bàbá yín ló wà níbẹ̀, igi tí ọkọ rẹ̀ gbìn fún un kó tó kú, tó fi ń jẹ tó fi ń mu. Obìnrin tó gba garawa lórí mi nígbà tí mo lóyún rẹ ni, tó ní ìyàwó òun kò ní gbé ohun tó wúwo. Ṣé omi lásán ni kí n máa pò fún igi irú ẹni bẹ́ẹ̀? Àánú ṣe mí. Mo da kẹ́ẹ̀gì méjèèjì pọ̀ sínú bàsíà ńlá, mo rò ó pọ̀, mo tún pín in padà sínú wọn dọ́gbadọ́gba. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá Ọlọ́dà bá kó òmíràn wá, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo tiẹ̀ ń fi orin po oògùn náà.

Oògùn tí kò pé kò lè ṣe iṣẹ́ tó pé. Kòkó apá pupa jẹrà, ti apá funfun jẹrà, ọ̀kan kò sàn ju èkejì lọ. Ọ̀gá Ọlọ́dà jókòó lábẹ́ igi ní odindi ọjọ́ méjì, ó ń ka èyí tó dáa, ó ń ka èyí tó dúdú, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà tó padà wá kẹ́yìn, ó ní, "Ìyàwó, oògùn yìí kò ṣiṣẹ́ nílẹ̀ tiyín. Wọn kò ní gbé e wá síbí mọ́." Mo ní, "A ti gbọ́, sà."

Nígbà tí òjò tún kọjá, ìyá bàbá yín ní igi òun kò wúlò mọ́, kí wọ́n gé wọn, kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé wọn. Kò sunkún, ó kàn ń ṣa ẹ̀ka jọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, oògùn kan dé ọjà Ore láti ibòmíràn. Bí mo ṣe ṣí ìdérí rẹ̀, mo sín. Òun náà ni. Gbogbo ará Ajue rà á, kòkó wọn sàn. Ilẹ̀ ìyá ọkọ mi ti di oko ẹ̀gẹ́, ó sì ń súre fún mi títí ó fi kú. Àdúrà yẹn ló ń dùn mí jù.

Ìyẹn ni mo ní lọ́kàn tí mo sì tún gbé fóònù ní Sọ́ńdè! Ẹ̀yin ọmọ rò pé bí èèyàn bá dàgbà, ọgbọ́n á máa bá a sùn, á máa bá a jí. Irọ́ ni.

Lánàá ni Fúnmi pè mí. Kò mọ ohun tí mo sọ fún ọ. Ó ní obìnrin kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì tó sún mọ́ tòun, ará Araromi-Obu, tó yá òun ní ìró nígbà tí wàrà òun jò sára aṣọ. Ó ní ọmọ obìnrin náà ti ń gba oògùn ní tirẹ̀, àmọ́ ìtọ̀ ọmọ náà ti dín, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń wọn pámpáàsì rẹ̀ lórí ìwọ̀n, jìnnìjìnnì sì ti bo ìyá rẹ̀. Mo ní kí ó bá mi kí i. Lẹ́yìn tí mo pa fóònù ni ọ̀rọ̀ náà tó wọ̀ mí lára. Ìwọ lo sọ fún wa pé oògùn yẹn lè dín ìtọ̀ ọmọ kù, pé ibẹ̀ lo ti fura sí ọmọ kan. Ìgò ọmọ obìnrin yẹn ni mo ní kí o bù nínú rẹ̀. Òun kò ní ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe nọ́ọ̀sì.

Ó yá, ìmọ̀ràn mi rèé.

Èkíní, ohun tí o fura sí kì í ṣe ohun tí o mọ̀. Èmi, imú mi kò purọ́, síbẹ̀ mo ba nǹkan jẹ́. Ìwọ, pámpáàsì gbígbẹ lo rí, ọmọ sì lè má tọ̀ nítorí ohun mìíràn. Bó bá tilẹ̀ jẹ́ oògùn ni, tó sì jẹ́ pé oògùn yẹn gan-an ló ń pa á lára ńkọ́? Wàá ti fọwọ́ ara rẹ gbé e fún ọmọ àbúrò rẹ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Èkejì, ọ̀nà iwájú wà, má jẹ́ kí a gba fèrèsé. O sọ fún mi pé òbí lè yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nínú àyẹ̀wò yín nígbàkígbà, ẹnikẹ́ni kò ní bá a jà, ìtọ́jú ọmọ rẹ̀ kò sì ní dín. O ní bí ara ọmọ bá burú, dókítà lè ní kí wọ́n ṣí ìwé apòògùn. Sọ ọ́ fún Dáre àti Fúnmi lẹ́ẹ̀kan sí i, ní gbangba, kí nọ́ọ̀sì mìíràn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, kúrò níwájú wọn, kí àwọn méjèèjì dá a rò. Má fi ojú sọ fún wọn èyí tí o fẹ́ kí wọ́n mú. Mo mọ ojú rẹ, kò lè fi nǹkan pamọ́.

Ẹ̀kẹta le díẹ̀. Mú lẹ́tà yìí lọ bá ọ̀gá rẹ. Ní kó kà á. Ní kó gbé ọmọ Dáre àti ọmọ ará Araromi-Obu kúrò lọ́wọ́ rẹ, àwọn àti ìgò wọn àti ìwé wọn. Bí o bá sì ti bù ú tẹ́lẹ̀, Bọ́sẹ̀ mi, sọ fún un lónìí yìí, kí o má dúró di ọ̀la, kí wọ́n lè tọ́jú ọmọ obìnrin yẹn bó ṣe yẹ. Mi ò rò pé o ṣe é. Àmọ́ bí o bá ṣe é, èmi ni mo rán ọ, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ ìwé yìí. Bí wọ́n bá máa bínú, kí wọ́n bínú sí mi. Irọ́ tí mo pa fún Ọ̀gá Ọlọ́dà pẹ́ lára mi ju àìsàn èyíkéyìí lọ, mi ò fẹ́ kí o gbé irú rẹ̀.

Àwọn yòókù kéré, mi ò ní kà wọ́n mọ́. Bí ìyá ọmọ bá sọ fún ọ pé, "A ti gbọ́, nọ́ọ̀sì," má tíì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní kó sọ ohun tó gbọ́ fún ọ. Bó bá sọ ọ́ lódì, má bínú, má rẹ́rìn-ín, tún un sọ. Bó bá jẹ́ ará ọ̀dọ̀ wa, sọ Ìkálẹ̀ sí i, fi Yorùbá inú ìwé yẹn sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ rẹ. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá ń dáhùn fún un, fi ọ̀wọ̀ bẹ ìyá náà kó lọ bá ọ wá omi gbígbóná. Èmi náà ti di ìyá ọkọ báyìí, mo mọ bí ẹnu wa ṣe ń yá.

Má sọ pé kò séwu níbi tí ewu bá wà. Àwa kì í fẹ́ gbọ́ ikú lẹ́nu, mo mọ̀, ṣùgbọ́n "a kò tíì mọ̀" kì í ṣe èpè. Ká ní Ọ̀gá Ọlọ́dà jókòó tì mí, tó ní, "Ìyàwó, a kò tíì mọ̀, ìwọ lo máa ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ ọ́n," bóyá ǹ bá fi kẹ́ẹ̀gì yẹn sílẹ̀. Bóyá. Olórí kunkun ni mí, ibẹ̀ lo ti mú tìrẹ.

Kí o sì máa jẹun. Púpurú àti epo wà nínú àpò tí Tíṣà gbé. Mo mọ̀ pé bísíkíìtì lò ń jẹ, má bá mi jiyàn.

Láàárọ̀ yìí ni mo sọ fún Dáre pé mo ti kó ọ̀rọ̀ mi padà. Ó bínú gidigidi. Ó ní ṣé ìwé àwọn dókítà ni mo fẹ́ràn ju ọmọ òun lọ. Mo sọ ti kẹ́ẹ̀gì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ẹ̀ bá ti sọ fún Màmá àgbà nígbà ayé wọn." Mo ní òótọ́ lo sọ. Ó jáde láìjẹun, àmọ́ nígbà tó padà dé, ó ní òun kò ní bẹ̀ ọ́ mọ́. Bó bá tún bẹ̀ ọ́, ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀. Má bá a jà, ẹ̀jẹ̀ rẹ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni màá wá, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ náà yè, Bọ́sẹ̀. Mo fẹ́ ẹ débi pé ó ń dùn mí láyà. Bó bá yè, a ó jọ gbé e wálé, a ó sì dúpẹ́. Bí kò bá yè, màá sunkún níwájú rẹ, màá sì gbá ọ mọ́ra. Mi ò ní wò ọ́ bí ẹni tó lè gbà á là tí kò gbà á là. Bí wọ́n bá sì ṣí ìwé apòògùn yẹn lọ́jọ́ kan, tí o wá mọ ohun tó wà nínú ìgò ọmọ wa, kò pọn dandan kí o sọ fún mi.

Ìyá rẹ ni mí. Mi ò ní bi ọ́.